Ìlà Tí Mo Béèrè Fún

Bàbá Ọdẹkúnlé kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tí a kí wọn. Wọ́n ju àpò méjì sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, eruku àgbàdo sì fọ́n ká orí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán. Àgbàlagbà tí a kí ní "ẹ káàárọ̀" tí kò dáhùn, ẹ tètè mọ̀ pé láti ilé ló ti gbé ìjà dání.

"Lábísí," ni wọ́n wí fún ọ̀gá wa, wọ́n sì nawọ́ sí àpò náà, "èwo ni ọkọ́ nínú méjèèjì yìí, èwo sì ni àdá?"

Àǹtí Lábísí wo àpò kìn-ín-ní, wọ́n wo èkejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Ohun tó wà lára àpò kọ̀ọ̀kan kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lórí lọ, ìyẹn náà sì ti ń pa rẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó! Lánàá, ní ọjà òdìkejì ààlà, díẹ̀ ló kù kí èmi àti àna mi fìjà pẹ́ẹ́ta. Mo ní tèmi ni àpò mẹ́tàdínlógún kan, ó ní tòun ni. Àwọn tó fẹ́ rà á ń fi Faransé pè mí ní 'mùsíọ̀, mùsíọ̀', bí ẹni pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn. Ẹni tí ọmọ mi fẹ́ ọmọ rẹ̀, Lábísí! Láti àná, kò kí mi mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé mẹ́rìnlá ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí Bàbá Ọdẹkúnlé ń ṣe olórí rẹ̀ ní Ẹ̀gùá. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń kó àgbàdo wọn sí lọ sọ́jà. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀wé, àmì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára àpò, wọn kì í kọ orúkọ. Ilé Bàbá Ọdẹkúnlé ní ọkọ́, ilé àna wọn ní àdá, òmíràn ní ẹtù, òmíràn ní ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá sọ àpò kalẹ̀, ọmọ kékeré pàápàá á mọ tilé baba rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Lábísí ní Ìlaró ló ya àwọn àmì tọdún yìí lórí kọ̀ǹpútà, Sàláúdéènì tó ń ṣe férémù ìtẹ̀wé ní Ìdógò ló fi wọ́n ṣe férémù aláwọ̀n tí ínkì ń gbà kọjá, àwọn ará Ẹ̀gùá sì fi férémù náà tẹ àpò wọn fúnra wọn.

Roheemat ló ya gbogbo àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ọdún méjì ló ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí, iṣẹ́ yìí sì ni iṣẹ́ ìdánwò tó fẹ́ fi gba fírídọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan ti bá a mú ojú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sílẹ̀ ní Ayétòrò, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, ṣùgbọ́n onílé ní bí kò bá tíì wọlé nígbà tí oṣù bá parí, òun á fún ẹlòmíràn. Èmi ní tèmi, Mọ́rẹ́olúwa ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ sì ni mo fi ń kọ́ iṣẹ́ náà kí n tó wọ ìwé kẹta àgbà. Ọdún kan ni Roheemat fi jù mí lọ, kò sì gbà kí n pe òun ní àǹtí.

Àǹtí Lábísí yí sí i. "Roheemat, kí lo ṣe sí iṣẹ́ oníṣẹ́?"

"Àǹtí, bí mo ṣe máa ń ṣe é náà ni mo ṣe é," ni Roheemat wí. "Mo yà á ní kékeré sórí ìwé kan, mo wá fẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó fi tóbi tó ojú àpò. Ẹ̀yin náà rí i nígbà tó wà ní kékeré."

"Mo rí i. Ìlà rẹ̀ nípọn dáadáa nígbà náà."

Wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ọkọ́ kékeré náà wà níbẹ̀, ó ki, ó dúró dáadáa. Nígbà tí wọ́n ṣí èyí tó tóbi, ọkọ́ náà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Bí ẹni tó ga tí kò sanra. Roheemat fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mi ò mọ̀," ló ń wí. "Wallahi, Àǹtí, mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú gbogbo wa. Bàbá Ọdẹkúnlé ń wo Àǹtí, Àǹtí ń wo Roheemat, Roheemat ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà á là á yé e. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé inú ń run mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó fà á.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ètò inú kọ̀ǹpútà yìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?" ni Àǹtí béèrè.

Mo gbójú sókè. Lórí ògiri, lókè orí wọn gan-an, ni ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ wà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ GBA ÀTÚNṢE TUNTUN SÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍGBÀ TÍ IṢẸ́ ONÍBÀÁRÀ BÁ WÀ NÍLẸ̀.

"Rárá, mà," ni Roheemat wí.

Èmi kàn mi orí díẹ̀, èyí tí ènìyàn lè kà sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àǹtí na ọwọ́ sí Roheemat. "Mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wá. Ẹni tí kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó jáde kò tíì tó gba fírídọ̀mù. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Roheemat tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀. Kò sunkún títí ó fi gbé e lé Àǹtí lọ́wọ́. Ìgbà tó padà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tó bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Fàlà ni orúkọ ètò tí a fi ń yàwòrán ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tó yọ̀ọ̀da ara wọn ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, èdè Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó dára nípa irú ìyàwòrán bẹ́ẹ̀ ni pé ìlà ni ó fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bí o bá fẹ̀ ẹ́ títí dé ìwọ̀n ògiri ilé, kò ní ṣú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Àǹtí lọ sí Abẹ́òkúta, Roheemat lọ jẹun ọ̀sán, mo sì dá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Àpótí kékeré kan yọ lójú rẹ̀ pé: "Àtúnṣe tuntun ti dé. Ẹ ka ohun tó yí padà. Ṣé kí a gbé e wọlé?" Basit, ọmọ kíláàsì mi, ti fi ti orí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn mí. Àwọ̀ tuntun ló wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, àwọ̀ tó ń dán bí ọrùn àdàbà. Mo wo ìwé orí ògiri. Mo sọ fún ara mi pé àwọ̀ lásán ni, kí ni àwọ̀ fẹ́ fi ọkọ́ àti àdá ṣe? Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". N kò ka nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Roheemat fẹ àwọn àmì rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é láti ọdún méjì, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìdógò.

Ṣé ẹ rí ìdí tí orí mi fi dà rú? Lóòótọ́ ni mo fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Bí mo bá jẹ́wọ́ tó wá jẹ́ pé Roheemat ló ṣe àṣìṣe ńkọ́? Mo ti kó ara mi sí wàhálà lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé èmi ni ńkọ́? Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn, kò lórí, kò nídìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Ọdẹkúnlé wá, ìyá mi bi mí ohun tó ṣe mí tí n kò fi jẹ ẹ̀wà tán, mo ní iyọ̀ ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Mo ya òbìrìkìtì kan, mo sì fẹ̀ ẹ́. Òbìrìkìtì náà ń tóbi, ìlà rẹ̀ kò nípọn sí i rárá. Mo tún yà á, mo tún fẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni. Mo wá lọ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ àwọn àtúnṣe náà sí, èyí tó yẹ kí n ti kà láti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí. Àwọ̀ tuntun ló wà ní ìlà kìn-ín-ní. Ohun tó wà ní ìlà kejì rèé:

"Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá fẹ àwòrán, ìlà rẹ̀ kò ní í yí padà mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́rẹ́_Ìlaró tó mú ìmọ̀ràn yìí wá, àti lọ́wọ́ àwọn òǹlò ọgọ́sàn-án tó tì í lẹ́yìn."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́rẹ́_Ìlaró. Èmi ni.

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn, n kò ní parọ́. Orúkọ mi, èmi ọmọ Ìlaró, lójú gbogbo ayé! Ìgbà náà ni mo wá rántí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, mo ń ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn ilé-ìwé wa. Mo ya òdòdó kan, mo sọ ọ́ di méje, ńlá àti kékeré. Ìlà ńlá rẹ̀ nípọn bí okùn, ti kékeré rẹ̀ sì rí bí òwú, wọn kò jọ ọmọ ìyá kan náà mọ́. Mo fi ìbínú lọ sí ojú ewé tí àwọn òǹlò Fàlà ti ń sọ èrò wọn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìlà dúró bí mo ṣe fà á, ìbáà ṣe pé mo fẹ àwòrán tàbí mo sọ ọ́ di kékeré." Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo gbàgbé rẹ̀.

Wọn kò gbàgbé. Ohun tí mo béèrè gan-an ni wọ́n ṣe fún mi.

Mo sáré lọ bá Basit nílé, mo sì rò fún un. Ó gbọ́ tán, ó gbé èjìká. "Ìwọ náà, kí lo ń dààmú sí? Ṣé ìwọ lo kọ ètò náà ni? Kọ̀wé sí wọn pé àtúnṣe wọn ba iṣẹ́ yín jẹ́. Tí wọ́n bá bẹ̀ yín, fi ìwé ẹ̀bẹ̀ náà han ọ̀gá rẹ. Roheemat á bọ́, ìwọ náà á bọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ẹni tó tẹ bọ́tìnì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ẹ̀bi á kúrò lórí Roheemat, kò ní í bọ́ sórí mi, gbogbo rẹ̀ á kọrí sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí a kò rí rí. Mo padà sílé, mo kọ ọ́ sórí fóònù mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn: "Àtúnṣe yín kò dára. Ó ti ba iṣẹ́ ilé mẹ́rìnlá jẹ́ ní Ẹ̀gùá. Ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àna méjì. Ẹ yọ ọ́ kúrò kíákíá, kí ẹ sì tọrọ àforíjì."

Kò tó wákàtí méjì tí èsì fi dé. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé ló kọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́rẹ́_Ìlaró. Ìròyìn yìí bà wá nínú jẹ́ púpọ̀. Kí a lè tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, a ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló gba àtúnṣe náà wọlé? Ṣé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbà á? Ṣé ojú ewé àlàyé ṣí fún un, tí ó sì kà á? Ẹ má bínú pé mo tún béèrè: ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ ní kí a ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Mo pa fóònù náà dé. Ọkùnrin náà kò bú mi, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ìbéèrè lásán ló béèrè, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan dáhùn nínú rẹ̀ láìdárúkọ ara mi. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ojú tì mí débi pé mo gbé fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹni pé ọ̀gbẹ́ni náà ń wò mí láti inú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, Roheemat ń kó àwọn nǹkan rẹ̀ sínú báàgì: ife tíì rẹ̀, gègé ìyàwòrán rẹ̀, ìwé tó máa ń kọ ẹ̀kọ́ sí.

"Níbo lò ń lọ?"

"Àgọ́sásà, lọ́dọ̀ ìyá mi. Wọ́n ní bí n kò bá ti rí ibi lọ, kí n wá bá wọn kó ẹ̀gẹ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mọ́rẹ́, mo ti ṣí iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá. N kò rí ohun tí mo ṣe. Àbí orí mi ti ń dà rú ni? Bí n kò bá mọ àṣìṣe mi, báwo ni n kò ṣe ní í tún ṣe irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tara mi?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wó lé mi lórí. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ìwé-ẹ̀rí nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀.

"Àǹtí Lábísí!" Ohùn mi lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Wọ́n jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: Ọjọ́bọ̀, àwọ̀ tó ń dán, bọ́tìnì, òdòdó méje, lẹ́tà tí mo kọ lónìí láti fi bo ara mi.

Àǹtí gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Mo béèrè lọ́wọ́ yín níbí yìí. Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì wo mí lójú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn kò na mí, wọn kò sì lé mi. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò, wọ́n gbé e lé Roheemat lọ́wọ́, wọ́n sì ní, "Má bínú, ọmọ mi. Èmi náà kò wádìí tó kí n tó dájọ́. Fírídọ̀mù rẹ dúró bó ṣe wà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ, lọ́la, a ń lọ sí Ẹ̀gùá. Mú búrọ́ọ̀ṣì dání."

Roheemat kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ó kàn béèrè ohun kan: "Nígbà tí Àǹtí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, níbo lo wà?"

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní Ẹ̀gùá, tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun àmì sára àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé férémù tuntun kò ní í tètè ṣe tán, àgbàdo kò sì lè dúró. Ẹ̀yìn mi ro mí, ínkì dúdú wọ abẹ́ èékánná mi. Àwọn tó ni àpò kò jẹ́ kí n simi. Ìyá arúgbó kan dúró tì mí lórí, ó ní, "Ẹtù wa kì í wolẹ̀, iwájú ló máa ń wò." Ẹlòmíràn ní ọ̀pẹ tòun kò gbọdọ̀ ní ju imọ̀ márùn-ún lọ, torí pé ọmọ márùn-ún ni baba ńlá òun bí. Mo ń pa á rẹ́, mo ń tún un kùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yìí ni mo tó mọ àwọn àmì náà, èmi tí mo ti ń wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà láti oṣù tó kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ìgboyà bi Bàbá Ọdẹkúnlé léèrè. "Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ ń tẹ àpò tó kù díẹ̀ káàtó yẹn, ṣé ẹ ò rí i pé ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni?"

Wọ́n họ orí. "A rí i. A rò pé bí ti kọ̀ǹpútà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ni àwa, tí a ó fi máa kọ́ ọ̀mọ̀wé?"

Sàláúdéènì tó gbé ínkì wá fún wa láti Ìdógò dá sí i. "Èmi náà rí i. Ó ṣe mí bákan. Ṣùgbọ́n mo ní Àǹtí Lábísí kì í ṣe ẹni tí à ń bi ní ìbéèrèkíbéèrè."

Bàbá Ọdẹkúnlé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ gbuurugbu, olúkúlùkù wa sì ń wojú ẹnìkejì rẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àna wọn fúnra rẹ̀ wá wo àdá rẹ̀ tí mo kùn. Ó wo àdá, ó wo ọkọ́. Ó ní, "Ó yàtọ̀ báyìí." Bàbá Ọdẹkúnlé sún lórí bẹ́ǹṣì kí ó lè ráyè jókòó, ó sì jókòó.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo padà dé Ìlaró ni mo tó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé. Mo kọ ọ́ pé: "Èmi ni mo gbà á wọlé. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. N kò ka àlàyé. Òótọ́ ni pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é, ẹ má yọ ọ́ kúrò, nítorí ó wúlò fún òdòdó mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àmì àpò nílò ti àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ fẹ àwòrán tó ti wà kí àtúnṣe tó dé, ẹ jẹ́ kí ètò náà kọ́kọ́ bi í léèrè." Mo ṣàlàyé àpò, ínkì àti férémù fún un, bí ìlà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ó tó dúró lára àpò.

Ó fèsì pé: "Ẹ ṣeun gan-an. Nínú ọgọ́sàn-án ènìyàn, kò sí ẹni tó sọ fún wa rí pé àwọn kan ń fi Fàlà tẹ àpò. Ohun tí ẹ fẹ́ lẹ sọ fún wa lọ́jọ́sí. Lónìí, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló wúlò fún wa jù."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi tún Fàlà ṣe. Èmi àti Roheemat, ó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tó bà jẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ kò ní bọ́tìnì tí ènìyàn á tẹ̀. Ó gba fírídọ̀mù rẹ̀, ó kó lọ sí Ayétòrò, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí i, ó dáhùn pé "o ṣeun", kò fi nǹkan kan kún un. Ìgbà tí a wọlé fún sáà tuntun ni mo tó rí ọkọ̀ wọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ kí n pe òun ní àǹtí rí, mo sì ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, àwọn oníbàárà òun ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Àṣìṣe kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé bí a bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé ẹrù wa kiri láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má sì dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá yé yín tán kí ẹ tó sọ ọ́, torí pé ìgbà tí mo sọ ọ́ ló tó yé mi.

Roheemat gbé àga fún mi sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá náà wà níbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀gùá ti gbé iṣẹ́ férémù tuntun wá fún un. Ó mú ọkọ́ Bàbá Ọdẹkúnlé, ó fẹ́ fẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré kan sì yọ: "Àwòrán yìí ti wà kí àtúnṣe tó dé. Ṣé kí ìlà rẹ̀ máa nípọn sí i bó ṣe ń tóbi?"

Ó wo àpótí náà, ó wò mí. Ó ti mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè náà síbẹ̀. Ẹ̀rín tí n kò rí láti oṣù kẹjọ bẹ̀rẹ̀ láti igun ẹnu rẹ̀, ó sì sún mọ́ọ̀sì náà síwájú mi.

"Ìwọ lo béèrè," ló wí. "Ìwọ náà dá a lóhùn."

Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á tán ná.